Àmàlà kọ́ ló ń jẹ owó wa, ríra wẹ́wẹ́ ni

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọjọ́ Sátidé ni ìwé ìròyìn yín máa ń tẹ̀ mí lọ́wọ́ níbí ní Kubwa l'Àbújá, bí ọkọ̀ tó gbé e láti Ìbàdàn bá tètè dé. Bí mo bá ti kà á tán, ó di ti ìyá ọkọ mi. Wọ́n á pe ọ̀kan nínú àwọn ìbejì kó wá kà á sí àwọn létí, nítorí ojú wọn kò gbé ìwé kíkà mọ́. Lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n kan kọ sí yín láti Kàdúná ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló mú mi kọ eléyìí.

Ẹ̀gbọ́n náà ní oúnjẹ ilé ló ń sọ àwa Yorùbá tó wà lókè Ọya di aláìní. Ó ní ẹni tó ń gbé láàárín àwọn Haúsá, tó tún ń wá àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú àti ìrù kiri, owó ló ń dà sínú odò. Kí kálukú yáa gba tùwó mọ́ra, kó fi ìyókù san owó ilé ìwé ọmọ. Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò bínú sí wọn, nítorí ìyà ọjà tó jẹ wọ́n náà ló jẹ èmi. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n mú yẹn kọ́ ló jalè. Bí a ṣe ń ra oúnjẹ ló ń gbọ́n àpò wa gbẹ: wẹ́wẹ́, lójoojúmọ́, ní ìgbà tí kò pọ̀ lórí àtẹ, pẹ̀lú owó tí ọkọ ń já fún ìyàwó bí ẹni ń já ewé.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé aládàáni kan, iṣẹ́ ìjọba ni bàbá àwọn ọmọ ń ṣe. Ẹnu mẹ́fà ló ń jẹun nílé wa, àwa méjèèjì, àkọ́bí wa, àwọn ìbejì, àti Màmá, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti Ìsẹ́yìn wá bá wa gbé ní 2019. Wọ́n ti lé ní ọdún 75. Màmá kì í jẹ tùwó. Wọ́n tọ́ ọ wò nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, wọ́n dúpẹ́, wọ́n rọra gbé abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì mu ẹ̀kọ sùn. Ọkà, ìyẹn àmàlà, ni oúnjẹ alẹ́ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́njú. Àwọn àgbà ló kúkú sọ ọ́ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Ẹni tó ti ń lo oògùn kan fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ta ni yóò ní kó jù ú nù torí pé ó dé Àbújá? Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tó bí ọkọ mi. Èmi fúnra mi pàápàá, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá gbà mí lágbára, láti inú ọkọ̀ ni mo ti máa ń ro àmàlà gbígbóná tí gbẹ̀gìrì àti ewédú ń ṣàn lórí rẹ̀.

Kò le tó báyìí tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ni ọjà ti yí ojú padà sí wa. Owó ọkọ̀ fò sókè, ohun tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ló sì kọ́kọ́ gbówó lórí. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀, National Bureau of Statistics, ní oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti oṣù kan náà lọ́dún tó ṣáájú. Àjọ yìí kan náà ló ti ṣèwádìí ní 2019 tó rí i pé nínú gbogbo owó tí ìdílé ń ná ní Nàìjíríà, ìdá 56.65 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bá oúnjẹ lọ. Ìgbà tí nǹkan ṣì rọ̀ díẹ̀ nìyẹn o. Ní ilé tiwa ní 2024, oúnjẹ gba ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, pàápàá nígbà tí ilé ìwé tí mo wà nígbà náà jẹ wá lówó oṣù méjì.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é nígbà náà. Láràárọ̀, kí bàbá àwọn ọmọ tó jáde, wọ́n á fi ₦3,500 sórí fíríìjì. Tí mo bá ti iṣẹ́ dé, màá mú un, màá wọ kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù lọ ọjà. Mà á ra èyí tó bá tán nílé nínú wọn: èlùbọ́ àbọ̀ múdù (igbá ìwọ̀n tí wọ́n ń lò lọ́jà níbí), ata àti tòmátò sínú ọ̀rá, epo pupa sínú ike omi kan, ìrù tí wọ́n fi ọ̀rá so bí ẹyin ẹyẹ, bí ó bá ku nǹkan, pọ̀nmọ́ tàbí ẹja. Màá wọ kẹ̀kẹ́ padà. Ní ọ̀la, a tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò rí ohun tó burú nínú rẹ̀ nígbà náà, nítorí bí ìyá mi ṣe ṣe é nìyẹn, bí gbogbo obìnrin tó yí mi ká sì ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni mo mú ìwé kan tí ọmọ mi ti lò dé ìdajì, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo sì ń kọ gbogbo ohun tí mo bá rà sí i. Nígbà tí oṣù Kẹwàá parí, mo jókòó tì í. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ni owó kẹ̀kẹ́. ₦200 ní àlọ, ₦200 ní àbọ̀, ọjọ́ 26 nínú oṣù: ₦10,400. Èlùbọ́ múdù méjì àbọ̀ ni owó yẹn lè rà nígbà náà, èyí tí ilé wa yóò jẹ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ṣé ẹ rí i? Lórí kẹ̀kẹ́ la ti ń jẹ àmàlà wa.

Epo pupa tẹ̀lé e. Ike omi 75cl ni mo ń rà ní ₦1,700. Obìnrin kan wà ní òpópónà ẹ̀yìn wa tí wọ́n máa ń gbé epo wá fún láti ìpínlẹ̀ Kogí. Lítà márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦9,000 nígbà náà. Mo bu lítà márùn-ún sínú ike mi lójú ara mi: ó kún ike mẹ́fà, ó sì tún ku ju àbọ̀ ike lọ. Bí mo bá rà á níke-níke, á lé ní ₦11,000. Ohun kan náà, láti inú igbá kan náà. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ni ọjà ń gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni mo gbé ìwé náà síwájú bàbá àwọn ọmọ. Wọ́n kà á, wọ́n dákẹ́ pẹ́.

“Ìyá Ìbejì, kẹ̀kẹ́ nìkan ló gba gbogbo eléyìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Ìbejì.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?”

“Èmi náà kò mọ̀ ni. Ọjọ́ tí mo kọ ọ́ sílẹ̀ ni mo mọ̀.”

Wọ́n wá sọ tinú wọn. Wọ́n ní ẹ̀rù ló máa ń ba àwọn pé bí àwọn bá kó owó oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó má di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún kó tán, kí gbèsè wá wọlé. Mi ò jiyàn, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún kan tí wọ́n kó owó fún mi lódidi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní ilé ìwòsàn, mo fi lára owó náà ránṣẹ́ sí i láìsọ fún wọn, oṣù yẹn sì nira fún wa. Nítorí náà a jọ pín in. Bí owó oṣù bá ti wọlé, owó èlùbọ́, gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì, epo àti iyọ̀ ó bọ́ sí ọwọ́ mi lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó jẹ́ ti ata, ewé àti ẹja ni wọ́n ń fi sórí fíríìjì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọjà wa di Ọjọ́rú àti Sátidé. Oṣù àkọ́kọ́ tí a ṣe bẹ́ẹ̀, owó kẹ̀kẹ́ já wálẹ̀ sí ₦3,600. Ìwé náà ṣì wà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n wá dá ẹ̀gbọ́n Kàdúná lóhùn lórí ọ̀rọ̀ pé oúnjẹ wa kì í ṣe oúnjẹ ilẹ̀ yìí. Ní ti ìrù ni mo ti kọ́ ọgbọ́n. Ọdún mélòó kan ni mo fi ń dúró de ìrù tí ọkọ̀ ń gbé láti Ìbàdàn. Bó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti ń yọ omi, iye rẹ̀ sì ti di ìlọ́po. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ń kọjá lẹ́bàá ọ̀dọ̀ obìnrin Haúsá kan tó tẹ́ àpò sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun ọjà, níbi tí àwa Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ó to àwọn nǹkan dúdú róbótó sórí àpò náà, bí àkàrà tó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Afẹ́fẹ́ fẹ́, òórùn náà sì kọ lù mí. Mo dúró. Mo bèèrè pé kí lèyí. Ó ní, “Dadawa.” Mo gbé ọ̀kan sí imú. Ìrù ni! Ìrù tó gbẹ, tí kò ní bàjẹ́ lọ́nà, tí kò nílò fíríìjì. Igi igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe ìrù, inú ọ̀dàn òkè Ọya níbí ló pọ̀ sí; ẹni tó bá gba ọ̀nà Kàdúná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á rí òdòdó pupa róbótó rẹ̀ tó rọ̀ dirodiro lórí igi. Èmi wá ń sanwó ọkọ̀ lé ìrù lórí láti Ìbàdàn wá sí àárín igbó tó ti ń so.

Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á sọ pé “dadawar kalwa” ni òun fẹ́, nítorí wọ́n tún ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe òmíràn, ìyẹn kò sì dùn tó lẹ́nu wa. Gún un nínú odó kékeré, da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, jẹ́ kí yanrìn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kí o sì rọra da ti òkè sínú ọbẹ̀. Màmá kò mọ̀ pé mo yí ìrù padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi jẹ ẹ̀fọ́ rírò mi, wọ́n wá bi mí pé ta ló ń fi ìrù Ìsẹ́yìn ránṣẹ́ sí mi.

Ìgbà tí ojú mi là sí ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè orúkọ tí àwọn Haúsá ń pe nǹkan. Ayoyo tí wọ́n ń tà ní ìdì-ìdì yẹn, ewédú wa ni. Alabo, èlùbọ́ ni. Kuka, ìyẹn ewé oṣè gbígbẹ, ni àwọn ará Ìlọrin fi ń se ọbẹ̀ lúúrú. Ẹ̀wà tí a fi ń se gbẹ̀gìrì, òkè Ọya ló ti ń wá. Kánò àti Borno ni àpò rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn ará ilé. Àlùbọ́sà, tòmátò, tàtàsé, bákan náà. Ẹ rántí ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn, tí àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù òkè Ọya dá ọkọ̀ dúró, tí wọn kò jẹ́ kí ohunkóhun sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Gúúsù. Àbúrò mi tó wà n'Ìbàdàn pè mí lórí fóònù pé ṣé mo lè bá àwọn fi àlùbọ́sà ránṣẹ́. Ọdọọdún ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi fi ìrù ránṣẹ́! Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ mi, epo pupa àti ẹja panla nìkan ló ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ní tòótọ́. Ẹja panla náà, òkun òyìnbó ló ti ń wá, Ìbàdàn àti Àbújá ò yàtọ̀ sí i.

Èlùbọ́ ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ló wọ́n jù, òun náà la sì fẹ́ràn jù. Iṣu ni èlùbọ́, iṣu sì pọ̀ yí Àbújá ká: Gwagwalada, Kwali, Abaji, ìpínlẹ̀ Niger, títí dé Benue níbi tí ọjà iṣu Zaki-Biam wà. Kí ló dé tí a fi ń dúró de èlùbọ́ láti òkè Ògùn, lápá Ìsẹ́yìn, nígbà tí iṣu wà níbí? Màmá ló bi mí ní ìbéèrè yìí ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Wọ́n ní àwọn mọ bí a ti ń ṣe é; ọyẹ́ ló ń bá wọn gbẹ ẹ́ níbẹ̀, ọyẹ́ Àbújá sì gbẹ ju ti Ìsẹ́yìn lọ.

Àwa olùkọ́ obìnrin mẹ́wàá la jọ ń dá àjọ, ₦10,000 lóṣooṣù. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kó ti oṣù Kìíní ọdún 2025. Nígbà tí mo gbà á, mo bọ́ sí ọkọ̀ láti Zuba lọ sí Gwagwalada, mo sì ra ọgọ́ta iṣu kéékèèké. Iṣu ńlá kọ́ o. Iṣu ńlá ni wọ́n fi ń gúnyán, owó rẹ̀ sì lọ sókè. Èyí tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ ni wọ́n ń lò fún gbodo, iṣu gbígbẹ tí a ń lọ̀ di èlùbọ́, ẹni tó ń tà á sì máa ń fẹ́ kó tán kíákíá. ₦36,000 ni mo san. Ọkọ̀ gba ₦4,000.

Ọjọ́ méjì la fi bó wọn, èmi, àkọ́bí mi àti aládùúgbò wa kan, ọmọ Ìdọ̀mà, tó ní àwọn náà ń jẹ ẹ nílé àwọn. Màmá jókòó sórí àpótí lẹ́bàá iná èédú. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni omi. Omi náà kò gbọdọ̀ hó. Bó bá hó, iṣu á jinná, á sì di nǹkan mìíràn. Bí kò bá gbóná tó, á bà jẹ́, á kan. Wọ́n ń ti ìka bọ omi náà, wọ́n á kà á, “Ení, èjì,” wọ́n á yọ ọ́. Bí ìka wọn bá dúró kọjá ẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á ní kí n koná sí i. Bí kò bá lè dúró dé èjì, wọ́n á ní kí n yọ èédú kúrò. Mo ti kàwé dé yunifásítì, mi ò tíì rí ẹ̀rọ ìwọn-ooru tó ní sùúrù tó ìka ìyá yẹn. A kó iṣu sínú omi náà, a bò ó mọ́lẹ̀ di òwúrọ̀, a sẹ́ omi rẹ̀, a sì sá a sórí tapolíìnì nínú ọgbà. Àwọn ìbejì ń lé ewúrẹ́ ní àṣegbà. Ọjọ́ kìíní ó rọ̀ bí ẹran ara, ọjọ́ kẹta ó ti ń dúdú létí, ọjọ́ kẹfà, bí mo fi méjì gbá ara wọn, ó ń dún ko, ko. Màmá ní, “Ó ti di gbodo.” Ẹ rí ojú wọn lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé Àbújá, mi ò rí i kí wọ́n rìn nínú ọgbà bí onílé bí irú ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí a máa lọ̀ ọ́, mo kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin ẹlẹ́rọ náà ohun tó lọ̀ kẹ́yìn. Ó ní àgbàdo. Mo ní kó fọ ẹnu ẹ̀rọ, mo sì ya àbọ̀ múdù àkọ́kọ́ sọ́tọ̀. ₦3,000 ló gbà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦43,000, ó sì fún wa ní múdù márùndínlógún. Lọ́jà nígbà náà, ₦4,000 ni múdù kan, èyí tí mo máa ń bá láàfún nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, tí àmàlà rẹ̀ á funfun tí á máa já. Tiwa pọ́n dúdú, ó fà. Èlùbọ́ yẹn gbé wa dé àárín oṣù Karùn-ún. ₦17,000 la fi jèrè lórí ohun tí a fẹ́ràn jù láyé. Mo fi ₦23,000 ra múdù ẹ̀wà mẹ́wàá nínú oṣù Kìíní kan náà, nítorí ẹ̀wà kò tíì pẹ́ tí wọ́n kórè rẹ̀. Epo nìkan ni mi ò rà. Mo tọ́jú owó rẹ̀ di oṣù Kẹrin, nígbà tí èso ọ̀pẹ ti pọ̀, mo sì ra lítà mẹ́wàá.

Tòmátò náà ní ìgbà tirẹ̀. Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kẹta ni ti inú oko olómi ń wọlé, tó pọ̀ bí yanrìn. Bí òjò bá ti dé, owó apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í ṣeé wò. Tòmátò gbígbẹ àti tàtàsé gbígbẹ tí àwọn obìnrin Haúsá ń sá sóòrùn ni mo ń lò. Mo ń rẹ ẹ́ sómi lálẹ́, mo ń lọ̀ ọ́ láàárọ̀. Ọbẹ̀ rẹ̀ pupa ju ti tútù lọ.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ tùwó. Àkọ́bí mi, tí wọ́n bí sí Àbújá, tùwó ìrẹsì àti ọbẹ̀ kuka ni ìfẹ́ inú rẹ̀, gbogbo Ọjọ́rú ni mo sì ń sè é fún un. Ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: ìrẹsì ni tùwó yẹn, ìrẹsì kò sì rọjú. Ti àgbàdo nìkan ló dínwó ní tòótọ́, àwa náà ń jẹ ẹ́ ní ẹ̀kọ àti ọ̀gì. Ohun tí a fi sílẹ̀ kí àmàlà lè dúró ni ẹran ojoojúmọ́, búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀gì àti àkàrà la ń jẹ láàárọ̀. Ẹran ń wọ ìkòkò ní Ọjọ́rú àti ọjọ́ Àìkú, ẹ̀wà gbẹ̀gìrì ló ń dáhùn fún ọjọ́ tó kù. Bàbá àwọn ọmọ ni ó ṣòro fún jù, mo mọ̀, wọn kò sì ráhùn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé ti ẹni tó ń gba owó oṣù nìyẹn. Òótọ́ ni. Ìyàwó ọlọ́kadà tí ọkọ rẹ̀ ń rí owó lójoojúmọ́, níbo ló ti máa rí ₦36,000 iṣu? Mo ti rò ó títí. Ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́ ni ti àwọn obìnrin mẹ́ta nínú àgbàlá tó tẹ̀ lé tiwa, tí ọ̀kan ń ta omi, tí ọ̀kan ń di irun, tí ọkọ ẹnì kẹta ń wa kẹ̀kẹ́. ₦500 ni wọ́n ń fi sọ́dọ̀ ẹni tó ń di irun lójoojúmọ́. Nínú oṣù Kẹta, tí àlùbọ́sà tuntun wọlé, wọ́n ra àpò kan, wọ́n pín in sí mẹ́ta, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Títí di báyìí wọn kò tíì ra àlùbọ́sà lọ́jà. Kò kúrò ní àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ iṣu.

Ẹ̀yin ọkọ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí lókè Ọya, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má máa fi owó oúnjẹ sílẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni ń fún ọmọ lówó ilé ìwé. Ẹ jókòó pẹ̀lú ìyàwó yín, ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù kan péré. Bí ìbẹ̀rù bá wà, ẹ pín in bí a ti pín tiwa.

Ẹ̀yin olóòtú wa náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Iye tí wọ́n ń ta nǹkan ní Bódìjà àti Mile 12 ni ẹ máa ń tẹ̀ sí ojú ìwé ọjà. Ó wúlò fún àwọn ará ilé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí Màmá mi lè fi ṣe ní Kubwa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda igun kékeré kan fún ọjà òkè Ọya: iṣu Gwagwalada, ẹ̀wà Kánò, epo Kogí, àti oṣù tí kálukú wọn ń pọ̀. Mo ti ń kọ ti Kubwa àti Gwagwalada sínú ìwé mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò ní ni mí lára láti dà á kọ ránṣẹ́ sí yín. Bí ẹ bá gbà, ẹ dá mi lóhùn ní ojú ìwé yìí, màá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣu tuntun tó máa wọlé ní oṣù tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Ìyá Ìbejì,
Kubwa, Àbújá.